Ọmọ Kú Sàn Ju Ọmọ Nù Lọ: Ta Ni Ó Nù Lọ́dọ̀ Ọlọ́hun?

Gbogbo ọpẹ́ ti Allāhu ni, Ọba tí ìyè àti ikú wà ní ọwọ́ Rẹ̀. Ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun kí ó máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàábé rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, àwọn àgbà wa a máa sọ pé ọmọ kú sàn ju ọmọ nù lọ. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kú yóò sunkún, yóò rí sàréè rẹ̀, bó pẹ́ bó yá ọkàn rẹ̀ yóò rọlẹ̀. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ nù kì í sunkún tán. Ìbéèrè wa lónìí ni èyí: òkú tí a kò rí, ǹjẹ́ ó nù ní tòótọ́? Bí Ọlọ́hun bá sì mọ ibi tí ó wà, kí ni ojúṣe tí ó kù fún àwa alààyè?

Ẹ jẹ́ kí a wo Betio, erékùṣù kékeré kan ní Tarawa, láàrin agbami òkun Pàsífíìkì, ní orílẹ̀-èdè tí à ń pè ní Kiribati lónìí. Ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá ọdún 1943, àwọn ọmọ ogun Marine ti Amẹ́ríkà kọlu àwọn ọmọ ogun Jàpáánì níbẹ̀. Omi òkun kò kún tó bí wọ́n ti rò. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ wọn há sórí òkúta abẹ́ omi, wọ́n sì fi ẹsẹ̀ la omi kọjá lábẹ́ òjò ọta. Láàrin ọjọ́ mẹ́rin, nǹkan bí 1,000 nínú wọn ti kú, ọ̀pọ̀ sì jẹ́ ọ̀dọ́ tí kò tíì pé ọmọ ọdún 25. Àwọn ará Jàpáánì tí ó kú, pẹ̀lú àwọn ará Kòríà tí wọ́n kó wá ṣiṣẹ́ níbẹ̀, pọ̀ jù wọ́n lọ fíìfíì.

Àwọn tí ó yè fi ìkánjú sin ẹgbẹ́ wọn, wọ́n sì fi àmì sí ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú àti iṣẹ́ ogun mìíràn gba ilẹ̀ náà. Wọ́n hú àmì kúrò, wọ́n sì to àgbélébùú tuntun ní ìlà tí ó gún régé, láìjẹ́ pé òkú wà lábẹ́ wọn. Nígbà tí àwọn ológun padà wá ní 1946 láti kó òkú wọn, nǹkan bí ìdajì ni wọn kò rí. Orúkọ wà lókè, ẹni náà kò sí nísàlẹ̀. Ní 2015 ni wọ́n tó rí kòtò kan tí ó gba ènìyàn tí ó lé ní 30. Ọ̀pọ̀ òbí wọn sì ti kú láìmọ ibi tí ọmọ wọn sùn sí. Àwọn mìíràn ṣì wà níbẹ̀ títí di òní.

Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí ni ó kàn wá nínú òkú àwọn tí kì í ṣe ẹlẹ́sìn wa, kí ó rántí pé Ànábì wa dìde dúró fún òkú Júù tí wọ́n ń gbé kọjá, nítorí pé ẹ̀mí ni òun náà. Nínú ogun kan náà, àwọn ọmọ ilẹ̀ wa, mùsùlùmí wà nínú wọn, lọ jà ní Bọ́mà. Ìrántí tí ó wà ní Taukkyan, nítòsí Rangoon, ru orúkọ nǹkan bí 27,000 ọmọ ogun tí a kò mọ sàréè wọn. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wà láàrin wọn.

Ẹ̀yin ará wa, kò sí ẹni tí ó nù lọ́dọ̀ Ọlọ́hun. Nínú Sūratul-Qiyāmah, Ó fi yé wa pé Òun yóò kó egungun ènìyàn jọ, títí dé ọmọ ìka. Hádíìsì sì sọ ìtàn ọkùnrin kan tí ó pàṣẹ pé kí àwọn ọmọ òun sun òkú òun, kí wọ́n sì fọ́n eérú rẹ̀ ká. Ọlọ́hun kó o jọ, Ó sì foríjìn ín nítorí ìbẹ̀rù tí ó wà ní ọkàn rẹ̀. Nítorí náà, ọkàn àwa ẹ̀dá ni òwe àwọn àgbà ń sọ. Kì í ṣe ìmọ̀ Ọlọ́hun.

Ṣùgbọ́n ìmọ̀ Ọlọ́hun kò gba ojúṣe kúrò lọ́rùn wa. Ọlọ́hun mọ ibi tí òkú Hābīl wà, síbẹ̀ Ó rán ẹyẹ ìwò láti kọ́ apànìyàn náà bí yóò ṣe bo òkú arákùnrin rẹ̀. Òkú jẹ́ ohun tí a fi ṣọ́ alààyè. Ní Betio, ọ̀tá kọ́ ni ó hú àmì orí sàréè. Ọwọ́ àwọn ẹgbẹ́ òkú ni, nítorí pé wọ́n ka ìlà tí ó gún sí ju òtítọ́ lọ. Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rù irú ìwà bẹ́ẹ̀. Irọ́ tí a fi tu ìyá nínú, àgbélébùú tí kò ní òkú lábẹ́ ni.

Lónìí, àwọn ọmọ wa ń lọ sójú ogun. Àwọn mìíràn ń gba aṣálẹ̀ àti òkun lọ sí Yúróòpù, a kò sì gbúròó wọn mọ́. Ó lè jẹ́ pé ìyá irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wà nínú ìjọ wa. Ẹ jẹ́ kí a bá a wádìí láìṣàárẹ̀, kí a sì sọ ohun tí a mọ̀ fún un, láìbù mọ́ ọn. Bí ikú bá dájú, kí a san gbèsè òkú, kí a ṣe sàráà fún un, kí a tọ́jú ọmọ tí ó fi sílẹ̀. Ànábì wa kírun sí Najāshī lára nígbà tí ó kú sí Abisíníà. Àwọn onímọ̀ yapa ẹnu lórí bóyá kí àwa náà máa ṣe bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ìyapa lórí àdúà. Ní ti ìyàwó ẹni tí a kò rí mọ́, Ṣẹ́ríà ní ìdájọ́ fún ọ̀rọ̀ rẹ̀; kí a mú un tọ àwọn onímọ̀ lọ, kí a má fi òfófó so ó mọ́lẹ̀.

Kí Ọlọ́hun foríjin gbogbo òkú mùsùlùmí, èyí tí a rí sin àti èyí tí a kò rí. Kí Ó fi sùúrù sí ọkàn gbogbo ẹni tí ó ń retí ọmọ tí kò dé. Kí Ó má jẹ́ kí a jẹ́ alààyè tí ń pa àmì òkú rẹ́. Āmīn.