Ta Ló Jẹ̀bi Sípánà Tó Sọnù?

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ wa, ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí ṣẹlẹ̀ ní ibi iṣẹ́ mẹkáníìkì alùpùpù kan ní agbègbè Kétu. Ọ̀gá ibẹ̀ máa ń wá kọ́ ìwé lọ́dọ̀ wa ní alẹ́. Ó ní ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta. Ní ọjọ́ kan, wọ́n wá sípánà 10 tì. (Sípánà yìí ni àwọn tó kọ́ṣẹ́ ní èdè Faransé ń pè ní kílé.)

Wọ́n tú àpótí, wọ́n wo abẹ́ bẹ́ǹṣì, wọ́n fi ọwọ́ wá inú iyẹ̀pẹ̀ tí epo ti sọ di dúdú. Wọn kò rí i. Ọmọ iṣẹ́ tó kéré jù ni ó máa ń kó irinṣẹ́ wọlé ní alẹ́, òun ni wọ́n sì fura sí. Ọ̀gá ní kí ó kúnlẹ̀. Ọmọ náà fi ẹnu kan irin. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ẹni tó bá fi ẹnu kan irin ti búra níwájú Ògún. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Síbẹ̀ wọn kò gbà á gbọ́. Ìyá rẹ̀ wá bẹ̀bẹ̀, ó sì mú nínú owó gàrí tó tà, ó fi san díẹ̀ lára owó sípánà.

Ní ọjọ́ kẹrin, mẹkáníìkì tó wà ní òdìkejì títì wọlé tẹ̀ríntẹ̀rín. Ó fa sípánà yọ nínú àpò ṣòkòtò iṣẹ́ rẹ̀. Ó ní: "Ọ̀gá, ẹ má bínú, mo gbàgbé ni. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kúkú fún mi."

Ta ló jẹ̀bi? Nígbà tí mo bi kíláàsì, ọ̀pọ̀ ní ẹni tó wá yá a lò ni. Ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí. Lára alùpùpù tó ti Japan wá, nọ́ọ̀tì tó gba 10 pọ̀ gan-an. Bí a bá fi 11 tú u, yóò yọ̀, igun rẹ̀ yóò sì jẹ. Bí a bá fi ẹ̀mú fún un, ó tún burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oníbàárà tí kò mọ ọwọ́ mọ ẹsẹ̀ ni yóò gbé nọ́ọ̀tì tó bàjẹ́ lọ sílé. Irinṣẹ́ sì wọ́n. Àwọn tó ti ń ṣiṣẹ́ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1994 kò lè gbàgbé bí wọ́n ṣe gé owó sẹ́fà sí ìdajì: fáráǹ Faransé kan tí à ń fi 50 sẹ́fà gbà di 100. Ẹni tó bá ní àpótí irinṣẹ́ tó pé ń ṣọ́ ọ bí ojú.

Ṣùgbọ́n èmi kò dá ẹjọ́ náà bí wọ́n ti dá a. Aládùúgbò ṣẹ̀, ó gbàgbé. Ọ̀gá ni ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé sípánà fún un, òun náà gbàgbé, ó wá fi ìgbàgbé tirẹ̀ dá ọmọ ọlọ́mọ lẹ́bi. Ìgbàgbé ẹni méjì ni, ẹni tí kò gbàgbé ohunkóhun ni ó jìyà rẹ̀.

Ẹnìkan ní kíláàsì ní kí a má yá ẹnikẹ́ni mọ́. Èyí kò ṣeé ṣe láàárín wa. Ọmọ tí ọ̀gá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú sílẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú irinṣẹ́ díẹ̀. Bí àwọn ará òpópónà bá há ọwọ́ sí i, kí ni yóò jẹ?

Mo sọ fún ọ̀gá náà pé kí ó ra kàyé, kí ó máa kọ ohun tó bá jáde sílẹ̀. Ó kọ̀. Ó ní: "Olùkọ́, bí mo bá kọ orúkọ ọ̀rẹ́ mi, á ní mo pe òun lólè." Ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mo sì rò ó fún ọjọ́ mélòó kan. Mo padà bi í pé: bí ìyá ọlọ́jà bá ka owó lójú rẹ, ṣé o máa ń bínú? Ẹni tó ń gba èsúsú ń kọ orúkọ gbogbo yín; ta ni ó pè lólè? Ìwé ì bá ti gba ọmọ yẹn là. Ì bá ti gba aládùúgbò náà là pẹ̀lú, nítorí láti ọjọ́ yẹn ni àwọn kan ti ń wò ó ní ìwòkuwò.

Ó gbà níkẹyìn, ó sì fi ọgbọ́n tirẹ̀ kún un. Bí òun fúnra rẹ̀ bá mú irinṣẹ́ lọ tún alùpùpù oní-sẹ́míjàn kan ṣe lójú ọ̀nà, ó ń kọ orúkọ ara rẹ̀ sínú kàyé. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rí i bẹ́ẹ̀, kò sí ẹni tó tún bínú. Ó tún fi ọ̀dà ya àwòrán irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sára pátákó, ó sì fi ìṣó gbé wọn kọ́. Bí ọ̀kan bá lọ, àwòrán rẹ̀ nìkan ni yóò ṣẹ́kù níbẹ̀.

Ó ti dá owó ìyá náà padà. Ṣùgbọ́n kò tíì bẹ ọmọ náà. Ó ní bí ọ̀gá bá bẹ ọmọ iṣẹ́, ọmọ kò ní bẹ̀rù rẹ̀ mọ́. Èmi ní ọmọ náà fi ẹnu kan irin, a kò sì gbà á gbọ́. A ṣì ń bá àríyànjiyàn yìí lọ. Ọmọ náà ṣì ni ó ń kó irinṣẹ́ wọlé ní alẹ́. Ó máa ń kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì.