Ta Ni Yóò Bọ́ Onílù?

Ní Àjàṣẹ́, ní Kútọnu àti ní àwọn ìlú wa mìíràn, àwọn ènìyàn kan wà tí wọ́n ń sa ipá wọn kí orin ojú agbo lè padà sí àárín ìlú. Orin tí onílù ń lù, tí akọrin ń kọ, tí olùgbọ́ sì ń rí òógùn ojú wọn ni mo ń pè bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èyí tí ẹ̀rọ ń kọ fún wa. Àwọn agbérékalẹ̀ wọ̀nyí ń wá àgbàlá tó gba èrò, wọ́n ń háyà àga àti ẹ̀rọ gbohùngbohùn, wọ́n sì ń bẹ àwọn aládùúgbò kí wọ́n má bínú sí ariwo òru. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà nídìí iṣẹ́ náà tí a kò gbọdọ̀ fò dá: ta ni yóò bọ́ onílù? Ó lè dà bí ọ̀rọ̀ owó lásán lójú ẹni, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìwà ni. Ọ̀nà tí ìlú kan ń gbà bọ́ onílù rẹ̀ ni yóò pinnu irú orin tí ìlú náà yóò máa gbọ́, àti bóyá òtítọ́ yóò wà nínú orin náà.

Kí a tó dáhùn, ó yẹ kí a rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Ní ọdún 1968 ni Mélomé Clément dá ẹgbẹ́ olórin Poly-Rythmo sílẹ̀ ní Kútọnu. Ẹgbẹ́ náà kọrin ní èdè Fọ̀n, ní Mina, ní Yorùbá àti ní Faransé. Ó so ìlù ìsìn ilẹ̀ wa pọ̀ mọ́ gìtá àti fèrè, orin rẹ̀ tó wọ inú àwo sì lé ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún. Ilé-iṣẹ́ Albarika Store ló gbé púpọ̀ nínú wọn jáde. Ṣùgbọ́n ayé yí padà. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹwàá ọdún 1972, àwọn ológun gba ìjọba. Àwọn àkókò kan sì wà lẹ́yìn náà tí òfin kónílé-ó-gbélé dí òru mọ́ àwọn olórin. Nígbà tí àwọn ọdún 1980 ń parí lọ, àwọn báǹkì wó, òṣìṣẹ́ ìjọba sì lo oṣù púpọ̀ láìrí owó oṣù gbà. Ẹni tí kò rí owó ra àgbàdo kò lè ra ìjókòó ní ojú agbo. Kásẹ́ẹ̀tì olówó pọ́ọ́kú ló wá jókòó sí ipò tí olórin fi sílẹ̀.

Ohun tó tẹ̀ lé e tọ́ sí àròjinlẹ̀. Ní 2004, ilé-iṣẹ́ Soundway ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣa orin àtijọ́ ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jọ, ó sì tún un gbé jáde; ní 2008, Analog Africa ti ilẹ̀ Jámánì ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ní 2009 ni Poly-Rythmo tó lọ káàkiri Yúróòpù fún ìgbà àkọ́kọ́, ọdún 41 lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀. Clément fúnra rẹ̀ kú ní 2012. Àwọn àlejò tó wá àwo wa kiri kò ṣẹ̀ wá. Bẹ́ẹ̀ ni a kò lè sọ pé àwọn ará ilé kò fẹ́ràn orin náà mọ́, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ṣì mọ̀ ọ́n lórí. Ohun tí ìtàn yìí kọ́ wa ni pé ọ̀tọ̀ ni ìfẹ́ orin, ọ̀tọ̀ ni ìtọ́jú olórin. A lè máa kọ orin ẹnì kan lójoojúmọ́ kí ebi sì máa pa á.

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà níwájú agbérékalẹ̀ lónìí. Èkíní ni kí ó gba owó ní ẹnu ọ̀nà. Èkejì ni kí ó ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀kẹta ni kí ó lọ bá olówó kan tàbí òṣèlú kan kí ó gbé gbogbo ìnáwó náà.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò ti èkíní. Ká ní ènìyàn 200 wá, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan san 500 fráǹkì, 100.000 fráǹkì ni gbogbo rẹ̀. Ká ní àga, ẹ̀rọ àti iná gba 60.000 níbẹ̀, 40.000 ló kù. Bí olórin bá jẹ́ mẹ́jọ, 5.000 ló kan ẹnì kọ̀ọ̀kan, agbérékalẹ̀ fúnra rẹ̀ kò sì tíì mú nǹkan kan. Bí òjò bá rọ̀ tí ènìyàn 80 péré wá, 40.000 fráǹkì ni yóò wọlé, gbèsè sì ni àṣálẹ́ náà yóò bí. Nítorí náà, ẹni tó bá ń pe agbérékalẹ̀ ní oníwọra nítorí 500 fráǹkì, kí ó kọ́kọ́ bá a ṣe ìṣirò.

Àwọn kan yóò dáhùn pé àwọn baba wa kò ta orin. Wọn yóò ní ní Kétu, kò sí ẹni tí ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ọjà gba owó lọ́wọ́ èrò ní alẹ́ Ẹ̀fẹ̀. Òtítọ́ ni wọ́n sọ. Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí UNESCO kéde rẹ̀ ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún gbogbo ayé, tí ó sì wọ inú àkójọ wọn ní 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò, gbangba ojúde ni a ti ń ṣe é. Ọmọdé, àgbà, àlejò, onílé, gbogbo wọn ló ń wò ó. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wò ó dáadáa. Ta ló fún agbẹ́gilére ní owó iṣẹ́ rẹ̀? Gèlè, ìró àti ọ̀já tí a fi wọ òṣèré láṣọ, ṣebí inú àpótí àwọn obìnrin ìlú ni wọ́n ti jáde? Iyán tí onílù jẹ kí ó tó mú ọ̀pá ìlù, iná ta ló sè é? Gẹ̀lẹ̀dẹ́ kì í ṣe ọ̀fẹ́. A ti san owó rẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú ni. Ilé gbogbo ló san án, ìdí nìyẹn tí a kò fi ní láti dá ẹnikẹ́ni dúró ní ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó bá mú ìlẹ̀kùn ṣíṣí Gẹ̀lẹ̀dẹ́, tí ó fi ìdáwó rẹ̀ sílẹ̀, ìdajì àṣà ló mú, ìdajì tó rọrùn fún un.

Ẹ̀kọ́ kan tún wà nínú alẹ́ náà tó ju ti owó lọ. Akọrin Ẹ̀fẹ̀ ní àyè láti bá olówó wí, láti tú àṣírí ọ̀kánjúwà, láti fi ẹni tó ń ṣe bí ẹni ńlá ṣẹ̀fẹ̀ lójú gbogbo ayé. Àwọn ìyá wa ló fún un ní àṣẹ náà, kò sì sí ẹni tí yóò mú un sí i lọ́la. Lójú tèmi, ohun mìíràn tún ń ti àṣẹ yìí lẹ́yìn: inú ìkòkò gbogbo ilé ni akọrin náà ti jẹun. Kò sí ilé kan ṣoṣo tó lè sọ fún un pé, “Èmi ni mo bọ́ ọ, má fi ẹnu kàn mí.”

Ibi tí ewu ọ̀nà kẹta wà nìyí. Nígbà tí ẹnì kan ṣoṣo bá gbé ìnáwó, àwòrán rẹ̀ yóò wà lára pátákó, orúkọ rẹ̀ yóò sì wọ inú orin. Àwọn àgbà ti wí pé ẹnu tó bá jẹ dòdò kò lè sọ òdodo. Owó tí a ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí akọrin náà ní ewu tirẹ̀: ó ti ọwọ́ púpọ̀ wá lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi tí owó bá wà ni orin ń kọjú sí, tálákà kì í sì í gbọ́ oríkì tirẹ̀. N kò ní kí a lé ọlọ́rẹ. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ̀bùn ńlá kan kò lè ṣe iṣẹ́ tí ìdáwó kéékèèké ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe. Ẹ̀bùn ńlá lè gbé àṣálẹ́ kan dìde, ìdáwó gbogbo wa ló lè dáàbò bo ẹnu akọrin.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn kan kù tí kò ṣeé fi ọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ẹni tí kò ní 500 fráǹkì ńkọ́? Àjọjẹ kò dùn bí ẹnì kan kò bá ní. Bí ìyá tó ń ta àkàrà ní ẹ̀yìn ògiri bá gbọ́ ìlù ìdílé rẹ̀ tí kò sì lè wọlé, orin náà ti di nǹkan mìíràn. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú àṣà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ yẹ̀ wò: ìdáwó kì í ṣe owó nìkan. Ẹnì kan lè gbé àga mẹ́wàá wá, ẹlòmíràn lè fún wa ní àgbàlá, ẹlòmíràn lè bọ́ àwọn olórin ní ọ̀sán. Ẹni tó ní lọ́wọ́ lè san ti ẹni méjì. Kí àwọn ọmọdé àti àwọn arúgbó wọlé láìsan nǹkan kan. Ohun tí kò yẹ ni kí ẹni tó ní lọ́wọ́ jókòó ní iwájú, kí ó fi ẹ̀rọ alágbèéká rẹ̀ gba gbogbo eré náà, kí ó sì lọ sílé láìfi nǹkan kan sílẹ̀.

Àwọn agbérékalẹ̀ náà ní ojúṣe tiwọn. Bí a bá fẹ́ kí gbogbo ìlú dáwó, ìṣirò gbọ́dọ̀ wà ní gbangba: iye tó wọlé, iye tó jáde, iye tí agbérékalẹ̀ mú fún làálàá rẹ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí ó mú èrè tirẹ̀. Inú ìfarapamọ́ ni ìtìjú wà. Owó onílù kò gbọdọ̀ jẹ́ èyí tí a ń ronú kàn lẹ́yìn tí a ti san ti ẹlẹ́rọ àti ti alága. Kí ó gbà á kí ó tó gbé ìlù rẹ̀ sí èjìká. Ẹni tí a bá sì kọ orin rẹ̀, yálà ó wà láàyè tàbí ó ti lọ, ní ẹ̀tọ́. BUBEDRA wà ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ láti gba ẹ̀tọ́ aṣẹ̀dá fún un àti fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ọmọ onílù bá rí i pé ìlù kò lè bọ́ bàbá òun, yóò gun alùpùpù, yóò máa gbé èrò, kò sì sí ẹni tó lè dá a lẹ́bi. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ó bá gbé ìlù kọ́ ògiri, oríkì ìdílé tí ọwọ́ rẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ yóò bá a dákẹ́. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá pè wá sí ojú agbo, kí a má ṣe kọ́kọ́ béèrè pé èló ni ẹnu ọ̀nà. Kí a béèrè pé kí ni ó kù tí kò tíì sí ẹni tí yóò gbé e, kí a sì gbé e.