Ẹ Rọ Òróró Kí Ilẹ̀ Tó Ṣú

Ní ìlú Stockholm, ní orílẹ̀-èdè Sweden, ibì kan wà lábẹ́ òkè àpáta tí à ń pè ní Pionen. Ibi ìsádi ogun ni tẹ́lẹ̀. Ní 2008 ni ilé-iṣẹ́ Bahnhof sọ ọ́ di ibi tí wọ́n ń kó kọ̀ǹpútà pa mọ́ sí. Mítà 30 ni ó wà nísàlẹ̀ àpáta; ìlẹ̀kùn rẹ̀ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 40. Síbẹ̀ wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé àpáta nìkan: wọ́n gbé ẹ̀rọ amúnáwá síbẹ̀ de ọjọ́ tí iná bá lọ. (A kò ní ṣàlàyé jẹnẹrétọ̀ fún ọmọ Nàìjíríà!)

Ṣùgbọ́n jẹnẹrétọ̀ tí kò lépo, irin lásán ni. Nínú Matteu 25, wúńdíá mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ní fìtílà, gbogbo wọn ló sì sùn. Òróró ló yà wọ́n sọ́tọ̀, kò sì ṣe é yá lóru. Iṣẹ́ òru ń pè wá, ọ̀rọ̀ ìwé ìgbélùú ń dààmú wa. Bí fóònù bá dún láti ilé ní aago mẹ́ta òru ńkọ́, kí ni àwọn ọmọ wa yóò bá nínú fìtílà wa? Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ àdúrà agbo ilé lálẹ́ òní, ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré, kí ẹni tó ń lọ síṣẹ́ tó wọ bàtà.