Ta Ló Ni Èémí Yẹn?

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, bí ẹnìkan bá bá yín tún ohùn yín ṣe, tí aráyé wá ń yìn yín, ṣé irọ́ lẹ pa bí ẹ bá dákẹ́?

Ọ̀rẹ́ mi kan ń gba orin sílẹ̀ nínú yàrá kan nítòsí Ìsọlọ̀ Industrial Estate. Kò sí ọ̀gá kankan lórí rẹ̀: òun ni prodúsà, òun ló ń to ẹ̀rọ, òun náà ló ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tí í ṣe ọjọ́ ọjà Aswani, ariwo kì í jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Òru ló kù fún un.

Mo lọ ka ewì níbẹ̀ lóru ọjọ́ kan. Ìlà kan ń kọ́ mi láhọ́n. Ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ni mo kà á. Ó gé ìdajì nínú ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó gé ìdajì nínú ẹlẹ́ẹ̀keje, ó so wọ́n pọ̀, ó sì yọ mímí hẹlẹhẹlẹ mi kúrò. Nígbà tí a gbé e sétí àwọn èèyàn lálẹ́ ewì, olùkọ́ wa kan ní, “Ọmọ yìí mọ bí wọ́n ṣe ń mí nínú ewì.” Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ ṣé, sà.” Mi ò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

Mo kọ́kọ́ dá ara mi láre: ṣebí èmi ni mo kọ ewì? Ta ló ń náwó fún ẹni tó gbẹ́ igi ìyáàlù? Àmọ́ onílù mọ ilé agbẹ́gi, kì í sì í sọ pé òun lòún gbẹ́ ẹ.

Lọ́dún 1973, àwọn ọmọ St. Gregory's College l'Ékòó tó ń jẹ́ Ofege gbé àwo Try and Love jáde. Odion Iruoje ti EMI, tó bá Fela náà ṣiṣẹ́, ni prodúsà wọn. Títí dòní là ń dárúkọ rẹ̀ mọ́ tiwọn, kò sì sẹ́ni tó tìtorí ẹ̀ sọ pé orin ọ̀hún kì í ṣe tiwọn.

Gígé kọ́ nirọ́. Àwa akéwì náà ń pa ìlà rẹ́. Ká ní ọ̀rọ̀ inú ewì lolùkọ́ yìn ni, àìmoore lásán ni ìdákẹ́ mi ì bá jẹ́. Èémí ló yìn, èémí yẹn ò sì kí í ṣe tèmi.

Nígbà tí mo bẹ ọ̀rẹ́ mi, ó rẹ́rìn-ín: “Bí wọ́n bá gbọ́ ibi tí mo ti gé e, a jẹ́ pé mi ò mọṣẹ́ nìyẹn.”

Ibẹ̀ lọ̀rọ̀ wà. Iṣẹ́ tó jẹ́ pé bó bá dáa, ẹnikẹ́ni ò ní rí i, ẹnu ẹni tó jàǹfààní rẹ̀ nìkan ni ẹlẹ́rìí tó ní. Àgbà ní ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kóni lẹ́rù lọ ni. Lọ́jọ́ Ajé, màá lọ kan ilẹ̀kùn olùkọ́ náà.