Ǹjẹ́ Sùúrù Ni Ìdákẹ́jẹ́?

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, lọ́kùnrin lóbìnrin, bí gọ́tà bá dí, tí àgbàrá sì wọ ilé aládùúgbò wa, a máa ń sọ pé, "Ẹ jẹ́ ká ṣe sùúrù." Ǹjẹ́ sùúrù ni èyí?

Lójú tiwa, ohun tí agbára ẹni kò ká ni à ń fi sùúrù gbà. Òfin ilẹ̀ Nàìjíríà ti ọdún 1999 gbé kíkó ìdọ̀tí, àbójútó ọjà, òpópónà àti gọ́tà lé ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ 11 oṣù Keje, ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó wọn máa dé ọwọ́ wọn tààrà. Bí a bá wá dákẹ́, ẹ̀tọ́ aládùúgbò wa ni a fi ṣe sàráà láìbéèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí á tó kọ̀wé sí káńsù, kí á kó ìdọ̀tí tiwa kúrò nínú gọ́tà ná. Kí á má purọ́, kí á má bú alága. Kí gbogbo àdúgbò jọ fọwọ́ sí ìwé náà, Mùsùlùmí àti ẹni tí kì í ṣe Mùsùlùmí. Àgbàrá kì í béèrè ẹ̀sìn kó tó wọlé.

Kí Ọlọ́hun fi wá ṣe ẹlẹ́rìí òdodo. Àmín.