Rọ́bà Méjì Lẹ́nu Ẹ́ńjìnnì Kan

Iná pupa náà kò tóbi. Àwòrán rẹ̀ dà bíi bùútà àlùwàlá tí omi ń kán lẹ́nu rẹ̀. Ó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù bí mo ṣe wọ òpópónà márosẹ̀ ní Houston, tí mo fẹsẹ̀ tẹ mọ́tò mọ́lẹ̀ kí n lè gbọ́ tọ́bò bó ṣe ń súfèé. Ohun tó wá sí mi lọ́kàn ni pé wáyà kan ló já. Kò tíì pé wákàtí kan tí mo pààrọ̀ ọ́ìlì. Báwo ni mọ́tò tí mo fọwọ́ ara mi rọ ọ́ìlì sí yóò ṣe máa sọ fún mi pé òun kò ní ọ́ìlì?

Òórùn ọ́ìlì tó ń jó ń wọlé. Mo ní ó ní láti jẹ́ èyí tó kán sí ara páìpù nígbà tí mo ń ṣiṣẹ́. Mo wà á lọ títí mo fi rí ibi tí mo lè yà sí, ó tó máìlì kan àti ààbọ̀. Oṣù mẹ́jọ ni mo fi san owó máìlì kan àti ààbọ̀ yẹn.

Subaru WRX ni mọ́tò ọ̀hún, ti ọdún 2006: ẹ́ńjìnnì lítà 2.5, agbára ẹṣin 230. Ìyàwó mi ní mọ́tò ọmọ ìta ni, nítorí ariwo rẹ̀. Kò parọ́. Mo ń ṣe sẹ́fíìsì rẹ̀ fúnra mi nítorí pé mo ti gbé e fún àwọn tó ń pààrọ̀ ọ́ìlì ní kánmọ́-kánmọ́ rí, wọ́n sì fún nọ́ọ̀tì ìdí ẹ́ńjìnnì débi pé díẹ̀ ló kù kí sípánà gé orí rẹ̀. Mo ní ìgbéraga tèmi náà. Ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì ni mo dàgbà sí ní Mókólà, n'Ìbàdàn. Mo mọ bí ọ̀gá ibẹ̀ ṣe máa ń ti ìka bọ ọ́ìlì tuntun, tí á fi pa rọ́bà ẹnu fílítà kó tó dè é. Ìyẹn yé mi dáadáa. Ohun tí n kò rántí ni èyí tó máa ń ṣe ṣáájú: á mú àkísà wọ abẹ́ ẹ́ńjìnnì, á nu ibi tí fílítà ń jókòó sí, á wá fi ìka yí i po. Bóyá ìyẹn kò dùn-ún wò lójú ọmọdé.

Lọ́jọ́ Sátidé yẹn, mo jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì móoru díẹ̀ kí ọ́ìlì lè ṣàn. Mo gbé iwájú mọ́tò sókè, mo fi irin tì í lábẹ́ (ẹni tó bá wọ abẹ́ mọ́tò tó jẹ́ pé jáàkì nìkan ló gbé e dúró ń fi ẹ̀mí ara rẹ̀ ta tẹ́tẹ́). Sípánà 17 tú nọ́ọ̀tì, ọ́ìlì dúdú bí aró dà sínú bàsíà. Wáṣà tuntun ni mo fi dí i padà. Gbogbo rẹ̀ ń lọ bó ṣe yẹ, àfi ìgbà tó kan fílítà. Abẹ́ ẹ́ńjìnnì yìí ni fílítà wà, páìpù èéfín tó gbóná sì yí i ká. Ọwọ́ ń ta mí, mo ń kánjú. Mo tú èyí tó ti gbó, mo jù ú sínú bàsíà, n kò wo ẹnu rẹ̀. Rọ́bà rẹ̀ kò bá a wá. Ó ti lẹ̀ mọ́ ojú ẹ́ńjìnnì bí ewé ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀kọ. Mo mú tuntun, mo fi ọ́ìlì pa rọ́bà tirẹ̀ bíi ti ọ̀gá, mo dè é lé e lórí. Rọ́bà lórí rọ́bà.

Mo tan mọ́tò, mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀: kò sí ohun tó ń kán. Mo pa á, mo yọ géèjì wò: ọ́ìlì pé. Rọ́bà méjì lè gbà fún ọ bẹ́ẹ̀ nígbà tí mọ́tò bá dúró lójú kan. Ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá sáré tí páńpù sì ti ọ́ìlì tagbáratagbára, rọ́bà tí kò rí kòtò jókòó sí á yọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, nǹkan bíi lítà mẹ́rin á sì dà sójú títì láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Orí ló yọ mí tí kò gbiná lára páìpù.

Mọ́tò tí kò ní tọ́bò lè fún èèyàn láyè díẹ̀. Nínú tọ́bò, èéfín tó ń jáde láti inú ẹ́ńjìnnì ló ń yí abẹ̀bẹ̀ kan. Abẹ̀bẹ̀ kejì tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ padà sínú ẹ́ńjìnnì wà lórí ọ̀pá kan náà. Ọ̀pá yìí lè yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, nígbà tí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ń yí 6,000. Irin kò gbọdọ̀ kan irin níbẹ̀. Orí ọ́ìlì tó fẹ́lẹ́ ju irun orí lọ ni ọ̀pá náà ń léfòó sí, ọ́ìlì yìí kan náà ló sì ń gbé ooru kúrò lára rẹ̀. Nínú mọ́tò tèmi, asẹ́ wáyà kékeré kan wà lẹ́nu páìpù tó ń gbé ọ́ìlì lọ bá tọ́bò. Bí ọ́ìlì bá pẹ́ jù tó dìpọ̀, asẹ́ yẹn á dí. Ìdí nìyẹn tí n kì í fi í jẹ́ kí ọ́ìlì pẹ́ nínú rẹ̀. Asẹ́ ni mo ń bẹ̀rù, rọ́bà ló mú mi.

Oorun kò wá lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Mo ń ka ìtàn àwọn tí ọ́ìlì ti já kulẹ̀ rí, ibẹ̀ ni mo ti pàdé ọkọ̀ òfuurufú Lockheed L-1011 ti Eastern Air Lines, tó gbéra ní Miami ní ọjọ́ 5 oṣù Karùn-ún ọdún 1983, tó ń lọ sí Nassau ní Bahamas. Èèyàn 172 ló wà nínú rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta ló ní. Nígbà tí wọ́n sún mọ́ Nassau, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àárín lọ sílẹ̀, wọ́n pa á, wọ́n sì yí padà sí Miami. Kò pẹ́, géèjì ní àwọn méjì tó kù náà kò ní ọ́ìlì mọ́. Àwọn awakọ̀ kò gbà. Ẹ́ńjìnnì mẹ́ta kò lè gbẹ papọ̀, géèjì ló ń ṣe wèrè. Mo ka ibẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Èmi gan-an nìyí.

Ẹ́ńjìnnì méjèèjì yẹn kú ní tòótọ́. Láìsí ẹ́ńjìnnì kankan, ọkọ̀ náà ń wálẹ̀ láti nǹkan bí 13,000 ẹsẹ̀ bàtà sí nǹkan bí 4,000, kí wọ́n tó rí èyí tí wọ́n kọ́kọ́ pa jí. Òun nìkan ló gbé wọn dé Miami. Kò sẹ́ni tó kú. Rọ́bà ló fa gbogbo rẹ̀. Lóru tó ṣáájú, àwọn mẹkáníìkì pààrọ̀ ohun kékeré kan tó ń mú ègé irin nínú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ọ̀gá wọn máa ń fún wọn ti ní òrùka rọ́bà lára. Lóru yẹn ó tán lọ́dọ̀ ọ̀gá, wọ́n gba òmíràn níbi ìkẹ́rùsí, kò ní rọ́bà, wọ́n sì dè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì wò fún nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 10, wọn kò rí ọ́ìlì tó ń kán. Tiwọn kò ní rárá, tèmi ní àníjù. Àti àwọn àti èmi, a bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́, a ní ó dáa.

Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n wọ́ mọ́tò dé ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n kan, ará Ṣàgámù, tó ń ṣiṣẹ́ mẹkáníìkì ní ìlú wa. Ìyàwó mi ló gbé mi lọ. Ẹ̀gbọ́n yọ páìpù afẹ́fẹ́, ó fi ìka méjì di orí ọ̀pá tọ́bò mú, ó mì ín. Ó ń mì bí eyín ọmọ ọdún méje. Ó fa ọ́ìlì tó kù nídìí ẹ́ńjìnnì, ó ń dán wínníwínní: bẹ́ríǹ tó ti lọ̀ kúnná ló ń dán bẹ́ẹ̀. Ó wá tú fílítà. Ó wo ẹnu rẹ̀, ó wo ojú ẹ́ńjìnnì, ó fi èékánná họ nǹkan kan, ó sì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sí mi níwájú. Rọ́bà méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan ti ya, ọ̀kan ṣì ń dán.

"Àbúrò, ta ló bá ọ ṣe ọ́ìlì yìí?"

Mo wo ilẹ̀. "Ẹnì kan ni, ẹ̀gbọ́n."

"Má jẹ́ kó fọwọ́ kan mọ́tò rẹ mọ́ o."

Ìyàwó mi, tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti àárọ̀, ló wá dá a lóhùn: "Ìyẹn á ṣòro díẹ̀, ẹ̀gbọ́n. Inú ilé kan náà la jọ ń gbé."