Ooru Nìkan Kọ́ Ló Pa Wọ́n

Nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, òkú ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í léfòó lójú odò Klamath, ní ìhà àríwá ìpínlẹ̀ California ní Amẹ́ríkà. Sàmọ́ọ̀nù ló pọ̀ jù nínú wọn, àgbà ẹja tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti inú òkun wọlé, tó ń gòkè odò lọ síbi tí wọ́n bí i sí kí òun náà lè yé ẹyin. Ó kéré tán, 34,000 ló kú. Etí odò yìí ni ilẹ̀ àwọn ẹ̀yà Yurok wà. Láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni wọ́n ti ń jẹ ẹja yìí, tí wọ́n sì ń fi ṣọdún. Ojú wọn ni gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ náà ti wà nílẹ̀ ṣáájú. Ọ̀dá dá ní 2001, ìjọba àpapọ̀ sì ti omi ìbomirin mọ́ àwọn àgbẹ̀ òkè odò, nítorí àwọn ẹja tí òfin ń dáàbò bò. Àwọn àgbẹ̀ fárígá, wọ́n wọ́de. N kò lè dá wọn lẹ́bi; ta ni oko rẹ̀ yóò máa gbẹ lójú rẹ̀ tí yóò dákẹ́? Nígbà tó di oṣù Kẹta ọdún 2002, mínísítà méjì, Gale Norton àti Ann Veneman, wá ṣí omi náà fún wọn. Àmọ́ ọdún náà tún gbẹ. Omi tó kù nísàlẹ̀ odò kò tó nǹkan nígbà tí ẹja dé, ẹja sì wá pọ̀ lọ́dún náà.

Bí omi bá ṣe gbóná tó ni ara ẹja ṣe ń gbóná. Tí ooru bá ń wọlé díẹ̀díẹ̀, ara rẹ̀ a máa mú un mọ́ra, ṣùgbọ́n ó níbi tí agbára kálukú mọ. Omi 28°C tó tu àrọ̀ lára nínú adágún ìsìnja wa, sàmọ́ọ̀nù kò lè pẹ́ nínú ẹ̀. Tí omi bá ti kọjá 20°C, ìyọnu ti dé bá a. Bí ọ́síjìn bá tán nínú omi, àrọ̀ a yọ ẹnu síta, a gba afẹ́fẹ́. Sàmọ́ọ̀nù kò mọ ìyẹn ṣe. Omi gbígbóná kì í sì í gba ọ́síjìn púpọ̀ dúró, bẹ́ẹ̀ ooru yẹn náà ló ń mú kí ara ẹja máa béèrè sí i. Ọjà ń wọ́n, ebi ń le. Pẹ̀lúpẹ̀lù, sàmọ́ọ̀nù tó ń gòkè odò kì í jẹun mọ́. Ọ̀rá tó kó wá láti òkun ló ń ná.

Síbẹ̀, Klamath kì í ṣe odò tútù lásìkò yẹn, ọdọọdún sì ni ẹja ń là á kọjá. Omi tó fà ló dá wọn dúró. Wọ́n kó jọ síbi tó jìn díẹ̀, ara ń kan ara, ibẹ̀ sì ni àrùn ti bá wọn: kòkòrò kan tí àwọn tó ń sin ẹja ń pè ní ich, tó ń lẹ̀ mọ́ awọ àti ibi tí ẹja fi ń mí, àti bakitéríà columnaris tó ń jẹ ibẹ̀ rà. Nínú omi tútù, ich a lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó bí sí i. Nínú omi tó gbóná dáadáa, ó lè má tó ọ̀sẹ̀ kan. Ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ tètè rí ẹja tí yóò lẹ̀ mọ́, láàárín ọjọ́ kan sí méjì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò kú. Nínú odò tó ń ṣàn, tí ẹja jìnnà síra, ọ̀pọ̀ wọn kì í rí. Ní Klamath lọ́dún náà, kò sí èyí tó wá a jìnnà.

Àwọn onímọ̀ ìjọba California tó wádìí ọ̀rọ̀ náà kò di ẹ̀bi ru ooru nìkan. Wọ́n ní omi kéré, ẹja pọ̀, ooru sì wà níbẹ̀. Nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, omi ni ọwọ́ ẹ̀dá tètè tó.

Ní 2014, ọ̀dá tún mú California, wọ́n sì tún rí ich lára ẹja Klamath nínú oṣù Kẹsàn-án. Lọ́tẹ̀ yìí, wọn kò dúró de òkú. Wọ́n tú omi tútù sílẹ̀ sí i láti odò Trinity, tó ń ṣàn wọ Klamath, ikú ọ̀pọ̀ yanturu bíi ti 2002 kò sì ṣẹlẹ̀. Àwọn Yurok àti àwọn ẹ̀yà tó múlé tì wọ́n kò gbà pé ó tán síbẹ̀. Omi tó dúró sẹ́yìn àwọn dáàmù orí Klamath a máa fa ooru oòrùn sínú, a sì dì í mú títí ìgbà tó yẹ kí odò ti tutù. Wọ́n jà lé e lórí títí wọ́n fi wó dáàmù mẹ́rin lórí odò náà, wọ́n sì parí iṣẹ́ ọ̀hún ní 2024. Nínú oṣù Kẹwàá ọdún náà, sàmọ́ọ̀nù kọjá ibi tí àwọn dáàmù náà wà, wọ́n dé Oregon.